Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn "A Ti Parí"

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sípíkà,
Challenge, Ìbàdàn.
Àárọ̀ Ọjọ́rú.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tó jọ mí lóhùn,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Bí o bá wà lórí ọ̀kadà, pa á dé, ó di ìgbà tí o bá dé yàrá rẹ ní Agbowó. Inú àpò gàrí tí ìyá rẹ ń gbé bọ̀ ló wà, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù pé mo kọ̀wé. Èmi náà ì bá pè ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, mo sì mọ ara mi. Tí mo bá sọ gbólóhùn kan, wàá ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Bí o bá sì ti ń ṣàlàyé báyìí, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn pé ọmọ mi mọ ọ̀rọ̀ sọ, n ó gbàgbé ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, o mọ̀. Bí o bá rí ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má fi pupa sí i. Ọkùnrin tó ka ìwé mẹ́rin yìí náà ló fi sípíkà kọ́lé sí Baṣọ̀run, tó rán ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé-ìwé gíga, tí àwọn tó kàwé títí tí irun orí wọn fi tán ń wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ bá wa wá wò ó, ẹ̀rọ wa ò sọ̀rọ̀ mọ́." Láti Ring Road títí dé Dùgbẹ̀, níbi tí ohùn bá ti ń dún já geere ní gbangba, béèrè ẹni tó so ẹ̀rọ náà. Orúkọ mi ni wàá gbọ́. N kì í fi ìyẹn bò, n ò sì ní fi bò lónìí, nítorí ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ fi ọ́ ṣe olórí pọ́díkáàsì rédíò kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni. Bàbá ń gbé ohùn àwọn èèyàn jáde, ọmọ náà ń gbé e jáde. Gbogbo èyí tí ẹ ti ṣe ni mo ti gbọ́: ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá kiri Agbowó, ti eré bọ́ọ̀lù ẹ̀ka sí ẹ̀ka, ti ìyá arúgbó tó ki oríkì àdúgbò rẹ̀ títí tí èémí fi ń tán lọ nínú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n gbọ́ bí ohùn ṣe mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí o wá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, tí o ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí yóò jáde lọ́jọ́ Ẹtì, orí mi wú. Mo so fóònù rẹ mọ́ sípíkà ńlá iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Pápá ló ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin arúgbó tó ti ń fi ẹfun fa ìlà sí pápá bọ́ọ̀lù yín láti ìgbà tí wọn ò tí ì bí ọ. Ó sọ bí òun ṣe máa ń ta okùn kí òun tó fa ìlà, bí òjò ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ tí òun á tún un fà, bí òun ṣe ń mọ agbábọ́ọ̀lù gidi láti ibi tó bá ti ń fẹsẹ̀ tẹ koríko. Ọ̀rọ̀ aládùn. O wá sọ pé, "Ẹ ṣé, sà. A ti parí." O sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lọ.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ kì í pa ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ gba ìdákẹ́ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹyẹ ibẹ̀, kó lè rí ohun tí yóò fi dí àlàfo tó bá ń gé ọ̀rọ̀ pọ̀. Àṣà iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n Bàbá Pápá ò mọ àṣà iṣẹ́ wa. Wọ́n ní a ti parí, òun náà gbà pé a ti parí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní:

"Ọmọ mi, nọ́ńbà náìnì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yín tí ẹ ń pariwo orúkọ rẹ̀ yẹn, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín o. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Táyà ló ń lẹ̀ ní Ìwó Road. Ọ̀gá eré ìdárayá ló ní kí n bá òun wá ẹni tó lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀lù, èmi ni mo mú un wá. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀."

Nígbà tó débẹ̀, mo fọwọ́ gbá tábìlì lójú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Ọmọ ẹkùn. Èyí gan-an ni kó ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ ẹfun tẹ̀ lé e." O rẹ́rìn-ín, o ní ohun tí ìwọ àti Túndé tẹ́ ẹ jọ ń gé ohùn ti fẹnu kò sí náà nìyẹn. O fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, o gba Agbowó lọ.

Àṣàkẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má fi síta. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé nìyẹn. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kó ṣáájú. Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ náà ni mo fi ń kó o jẹ, o sì mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ ló ń mú bàbá rẹ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Nígbà tí o lọ tán, mo tún un gbọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá máìkì tuntun yẹn dára tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ohùn Bàbá Pápá kọ́ ni mo gbọ́, tìrẹ ni. Nígbà tó sọ pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín, o ò fèsì. O ò ní "háà." O kàn dá èémí dúró, kó lè máa sọ ọ́ lọ. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí èmi náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

N ò sọ ìtàn yìí fún ìyá rẹ rí. Tó o bá ti kà á tán, o lè fún un kà.

Nígbà tí mo ti Èkìtì dé Ìbàdàn, bàtà kan ṣoṣo ni mo ní, n ò sì mọ ẹnì kankan. Tẹ́lọ̀ kan ní Òkè-Àdó, Bàbá Àlàmú, ló fún mi níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí n máa tún rédíò ṣe, tó sì fún mi ní ẹ̀yìn rẹ̀ kí n máa sùn. Ṣòkòtò àkọ́kọ́ tí mo fi jọ èèyàn ní ìlú yìí, òun ló rán an. Òun ni alága àwọn tẹ́lọ̀ àdúgbò náà. Bó bá gé aṣọ fún ọ, bí ẹni pé ara rẹ ló dà á lé lórí ni.

Nígbà tí mo rí ẹ̀rọ ohùn tèmi rà, ẹgbẹ́ tẹ́lọ̀ ní kí n wá gba ìpàdé ìparí ọdún wọn sínú káséètì, kí àwọn tí kò wá lè gbọ́. Bàbá Àlàmú sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbàdúrà ìparí, wọ́n dìde lọ sídìí ìrẹsì. Mo jẹ́ kí káséètì máa yí lọ, bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ní kí n máa ṣe. Bàbá wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó rọra ní, "Ojú mi ti ń lọ. N ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ láti ọdún tó kọjá. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń gé e, òun náà ló ń rán an. Èmi kàn ń fọwọ́ pa aṣọ ni."

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo wà sí i. Ó yíjú sọ́dọ̀ mi. Mo tẹjú mọ́lẹ̀, mo ń ká wáyà. N ò pa ẹ̀rọ.

Àṣàkẹ́, ìka kan ni mo nílò láti pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ kí n tó da ohùn inú káséètì náà sínú àwọn òmíràn tí ẹgbẹ́ fẹ́ pín. N ò pa á rẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín, ó lọ pe ẹnìkejì. Kò pẹ́ tí àwọn tí kì í ṣe tẹ́lọ̀ rárá fi ń béèrè káséètì "tí ọ̀rọ̀ ojú wà nídìí rẹ̀." Wọ́n ń béèrè ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe mọ orúkọ mi ní Òkè-Àdó nìyẹn. Òkìkí tí mo fi ń yangàn fún yín láti kékeré, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bú Bàbá. Ìyẹn ló burú jù. Ńṣe ni wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ gba aṣọ wọn tí kò tíì rán padà. Ẹni yìí ní òun ń lọ sí ìrìn-àjò. Ẹni yẹn ní ìyàwó òun ti yí ọkàn padà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Kí òjò tó dé, ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì wá wúwo ju ìró rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tó ń kó lọ sí ìlú rẹ̀, mo lọ kí i. Ó ń tilẹ̀kùn lọ́wọ́, ó ń fọwọ́ wá ojú kọ́kọ́rọ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní ta nìyẹn. Mo dárúkọ.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ ẹ wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní rárá, sà.

"Ṣé o ti pa á?"

Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi, sà.

"Ó dá ẹ lójú pé o ti pa á?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìgbà yẹn ló tó wá sọ pé, "Ó dàbọ̀." Ọkùnrin tó fún mi ní ibi tí mo kọ́kọ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ ní Ìbàdàn, kó tó lè kí mi pé ó dàbọ̀, ó ní láti béèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ẹ̀rọ ti kú. Nígbà tí mo fi gbọ́n tó ẹni tó lè lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti sin ín.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà mi nìyẹn, mo tú u hàn ọ́. Wá gbọ́ ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀.

Èkínní. "A ti parí" kì í ṣe ìkíni, àdéhùn ni. Bí o bá ti sọ ọ́, ohun tó bá jáde lẹ́nu onítọ̀hún lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Láti òní lọ, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí o máa gba ìdákẹ́ rẹ. Kí o sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ gbọ́ afẹ́fẹ́ ibí, ẹ má tíì sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti sọ ọ́ dòfin fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo fi àṣà yẹn lé ọ lọ́wọ́, èmi náà ni mo ń gbà á padà.

Èkejì. Mo mọ ohun tí wàá sọ. "Dádì, òtítọ́ ni." Òtítọ́ ni. O tilẹ̀ ṣàlàyé lọ́jọ́ Àìkú pé ọmọ kan wà nínú ẹ̀ka yín tó ń jí ní kùtùkùtù fi bọ́ọ̀lù dárayá, tó yẹ kó wọ aṣọ nọ́ńbà náìnì yẹn, tó wá ń jókòó wo alẹ̀táyà. Mo gbọ́, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: bí ohùn yẹn bá jáde, ta ni wọn yóò dá ohùn rẹ̀ mọ̀? Ọ̀gá eré ìdárayá á ní òun ò mọ nǹkan kan. Bàbá Pápá, tí ilé tó ń gbé wà lẹ́yìn pápá, tó ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, òun ni wọn yóò ní kó kẹ́rù rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ ń bẹ ní ọ́fíìsì, ó jókòó sórí àga. Gbé máìkì rẹ lọ síwájú rẹ̀ kó rí i. Ní kó fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù hàn ọ́, kí o fi wé ìwé ìforúkọsílẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yín. Bá àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà sọ̀rọ̀. Yóò pẹ́ ju ọjọ́ Ẹtì lọ. Jẹ́ kó pẹ́. Òtítọ́ tí o bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wá, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀kẹta, èyí ló ń lé mi bí ẹkùn. Lọ bá Bàbá Pápá lọ́la, láàárọ̀, nígbà tó bá ń fa ìlà. Má pè é lórí fóònù, má rán ẹnikẹ́ni. Kúnlẹ̀ sórí koríko yẹn, kí o sọ fún un pé ẹ̀rọ ò kú nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ní ọ̀la ni pé ọwọ́ èmi náà ò mọ́. Sípíkà ńlá ni mo fi gbọ́ ọ, Àṣàkẹ́. Ní Challenge. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ Kàmọ́rù, ọmọ iṣẹ́ mi, tó ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń fọ mọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo pè é, mo bá a wí, ó dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà tó ti ibí lọ sí Ìwó Road ò jìn. Bí Bàbá yẹn bá ní láti gbọ́ ọ, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn afọmọ́tò.

Jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bi í léèrè ohun tó fẹ́. Kò dá mi lójú pé yóò ní rárá. Ọkùnrin tó ní ọkàn òun ò balẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni tí yóò bá òun gbé e ló ń wá. Bó bá fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tan ẹ̀rọ níwájú rẹ̀, kó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá ní òun ò fẹ́, gbé fóònù lé e lọ́wọ́, fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án, kí ìka tirẹ̀ pa á rẹ́. Bó bá sì bínú sí ọ, dúró kó bínú tán. Èmi kò dúró.

Túndé á bínú. Á ní ẹ̀rù ló ń bà ọ́, pé gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ì bá ti gbọ́ yín. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní òun mọ adùn kí gbogbo èèyàn máa béèrè orúkọ ẹni, òun ti jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bí yín, egungun rẹ̀ ṣì wà lọ́fun òun. Kó pa èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́, tàbí kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Nípa ohun míì tó wà láàárín ìwọ àti Túndé, n ò béèrè. Ìyá rẹ ló ń béèrè lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí ó ku ìmọ̀ràn kan sí i, mo ti gbàgbé rẹ̀. Kí o máa jẹun láàárọ̀ ni, bóyá. Gàrí yẹn, ti Ìjẹ̀bú ni, má fi fún gbogbo Agbowó.

Èyí tó wà lọ́wọ́ tèmi, mo ti pa á rẹ́ kí n tó mú bírò. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún bi ara mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ní ọjọ́ Ẹtì, n ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, n ó ki nǹkan yín yẹn bọ etí. N ò ní fi sípíkà gbọ́ ọ mọ́. N ó gbọ́ ọ̀rọ̀ okùn, n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹfun àti òjò. N ó dé ibi tí o ti ní, "Ẹ ṣé, sà. A ti parí." Bí n ò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí kò ṣe afẹ́fẹ́ lórí pápá, n ó mọ̀ pé ẹnìkan nínú ìdílé wa ti wá rí ẹ̀rọ yẹn pa.

Èmi bàbá rẹ,
tí gbogbo Challenge mọ̀ sí Bàbá Sípíkà.